Ọjọ́ Tí Ọmọ Mi Ní Kí Wọ́n Dán Iyè Mi Wò

Òjò àárọ̀ ọjọ́ náà kò rọ̀ tán, kò sì dá. Wínníwínní ló ń ṣe láti ìdájí, irú òjò tí kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ bóyá kí òun mú agboòrùn tàbí kí òun fi í sílẹ̀. Ojú ọ̀run ṣú, atẹ́gùn tutù, ẹrẹ̀ Mile 12 sì ti bá ẹsẹ̀ àwọn ènìyàn wọ àdúgbò wa ní Ìkòsì. Ẹni tó ń ta ewé kì í bú irú òjò bẹ́ẹ̀. Ewé fẹ́ràn rẹ̀. Mo kó àwọn ìdì ewé mi sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo tú ẹnu wọn, mo jẹ́ kí òjò fẹ́ sí wọn lára, èmi náà jókòó tì wọ́n lórí àpótí mi, mo ń mu ògì. Ọjọ́ Sátidé ni. Mo mọ̀ pé Sátidé ni nítorí pé àwọn ọmọ ilé ìwé kò kọjá. Mo ń sọ èyí nítorí pé wọ́n máa tó bi mí.

Ewé mọ́ínmọ́ín ni mo ń tà láti ìgbà tí bàbá àwọn ọmọ mi ti kó wa kúrò ní ọ̀nà Ọ̀yọ́ wá sí Èkó. Àwọn tó ń já a nínú igbó Ìjẹ̀bú máa ń kó o wá, èmi á ṣà á, n ó nù ún, n ó dì í ní ogún-ogún. N kì í fi ojú kà á. Ọwọ́ mi ló ń kà á. Mo lè máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀, mo lè máa bá oníkẹ̀kẹ́ jà pé kó má ta ẹrẹ̀ sí mi lára, ọwọ́ mi á kàn máa bá tirẹ̀ lọ ni, tó bá sì di ogún, á dúró fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá bi mí láàárín pé mélòó ni mo ti kà, n kò mọ̀. Ọwọ́ ni kí ẹ bi.

Ọwọ́ yìí kan náà ló kó mi sí wàhálà. Ní ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú Sátidé yẹn, mo bá àbúrò mi sọ̀rọ̀ tán lórí fóònù, mo gbé fóònù náà lé orí ewé. Òjò ti pa ewé, ó tutù, ó ń dán. Fóònù pẹlẹbẹ, òun náà tutù, òun náà ń dán. Ọwọ́ mi kò bi mí léèrè. Ó mú un, ó fi ewé mìíràn lé e lórí, ó dì í, mo sì tà á fún obìnrin kan tó ń se mọ́ínmọ́ín ní Anthony.

Ọmọ mi ọkùnrin àgbà, ẹni tí gbogbo ẹbí ń pè ní àkọ́bí, ló pe fóònù náà ní ọ̀sán. Ó kí mi kú iṣẹ́. Obìnrin náà ló dá a lóhùn.

“Ẹ má bínú, sà. Èmi kọ́ ni màmá yín. Inú ewé ni mo ti bá yín pàdé.”

Ọmọ mi dé Anthony kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Obìnrin náà fún un ní fóònù, ó sì ṣàlàyé fún un pé òun kò tilẹ̀ fura nígbà tí òun ka ìdì náà, nítorí pé ewé mọ́kàndínlógún àti fóònù kan ni òun bá níbẹ̀, ogún ló pé. Ọmọ mi dá fóònù náà padà fún mi, ó wá ro èyí bí ẹni tó ń ka ẹ̀sùn. Mo ní kó dúpẹ́ pé òǹkà mi kò ṣì. Kò rẹ́rìn-ín.

Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Ìṣẹrì Olówóra. Ilé náà dára. Ó ní táìsì, ó ní géètì, ó ní àga tó máa ń gbé ènìyàn mì. Mo ti lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀ rí. Kálukú ti ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n lọ síbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n sinmi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, mo ti ń kí àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n, mo sì ń dúró kí wọ́n dáhùn. Nísinsìnyí ọmọ mi ti rí ẹ̀rí dì mú. Ó ní iyè mi ti ń lọ, òun kò sì ní í dúró títí n ó fi di orí ara mi mọ́ ewé, kí n tà á.

Àdéhùn tí a ṣe nìyí. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wà ní yunifásítì, ó ń kọ́ ìmọ̀ nípa bí ọkàn ènìyàn ṣe ń ṣiṣẹ́. Òun á mú ìwé ìdánwò kan wá tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí iyè rẹ̀ ń jò. Tí mo bá yege, n ó máa ta ewé mi lọ ní Ìkòsì. Tí mo bá kùnà, n ó kó ẹrù mi lọ sí Ìṣẹrì kí oṣù tó parí. Mo gbà. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà kí wọ́n tó mú mi kúrò nílé ìwé, n kò sì ṣe ìdánwò láti ìgbà náà, àmọ́ mo rò ó pé kí ni ìwé kan lè bi mí tí àwọn oníbàárà mi kò tíì bi mí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ògì tán ni wọ́n dé. Ọmọ mi jókòó sórí béèdì mi, ọmọ rẹ̀ fa àpótí mi, wọ́n fi àga gidi kan ṣoṣo tí mo ní sílẹ̀ fún mi bí ẹni tí wọ́n fẹ́ dájọ́ fún. Aránṣọ tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tèmi, ọmọ Ẹ̀gbá kan tí ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni kì í kọjá lẹ́yìn rẹ̀, gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá sí ẹnu ọ̀nà mi. Ó ní ibi tí òun wà kò mọ́lẹ̀ tó.

Ọmọ-ọmọ mi kọ́kọ́ là mí lọ́yẹ̀. Ó ní nínú ọpọlọ ni gbogbo ohun tí ènìyàn ń rò wà: ìbínú wà níbẹ̀, ìfẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ènìyàn wà níbẹ̀. Mo ní mo ti se ọpọlọ màlúù rí. Ó rọ̀, ó tètè ń gba iyọ̀, n kò sì rí nǹkan kan tó jọ ìfẹ́ níbẹ̀. Mo bi í pé tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó jẹ́ pé inú ló máa ń bí wa, tí kì í ṣe orí, tó sì jẹ́ pé àyà ló máa ń já. Ṣé gbogbo àwọn tó bí wa ló ṣi ilé yà ni? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹ́ kí àwọn bẹ̀rẹ̀.

Ó sọ ohun mẹ́ta fún mi pé kí n tọ́jú wọn sọ́kàn, òun á bèèrè wọn tó bá yá: òṣùpá, ìgbálẹ̀, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo ní mo ti gbé wọn pamọ́.

Ìbéèrè kìíní ni pé ọjọ́ kelòó oṣù la wà. Mo ní Sátidé ni, ọ̀túnla ni àwọn eléwé ń bọ̀. Ó ní nọ́ńbà ni òun ń bèèrè. Ni aránṣọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Ó ń húkọ́ lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi náà ń kà á. Ó dé mẹ́rìnlá kí ọmọ mi tó yíjú sí i.

“Aunty, ẹ jọ̀ọ́, ìdánwò là ń ṣe níbí.”

Aránṣọ ní òtútù òjò ni. Mo ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù ni. Ọmọ-ọmọ mi ní ọjọ́ kẹtàdínlógún ni. Wọ́n ti dá ikọ́ dúró kó tó parí.

Ó bi mí ní orúkọ ọkọ mi. Mo ní bàbá bàbá rẹ̀ ni. Ó ní orúkọ gan-an ni kí n pè. N kò pe orúkọ ọkùnrin yẹn lójú ayé rẹ̀. Ọjọ́ tí mo wọlé rẹ̀, n kò pè é. Ọjọ́ tí wọ́n gbé e jáde, n kò pè é. N kò wá rí ìdí tí n ó fi pè é nítorí ìwé kan. Ọmọ mi ní, “Màámi, ẹ jọ̀ọ́.” Mo ní kó pè é fúnra rẹ̀. Ó pè é. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, òun náà ni.

Ọmọ-ọmọ mi fa ìlà gbọọrọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ìbéèrè náà. Mo bi í pé kí ni ìyẹn.

Ó ní, “Màmá Ìkòsì, mo mọ̀ pé ẹ mọ̀ ọ́n. Ìwé ni kò mọ̀.”

Ọ̀rọ̀ yẹn gbé mi lọ́kàn. Ẹ̀dá tí kò mọ ohun tí gbogbo wa mọ̀ nínú yàrá yẹn, òun ló wá ń fún mi ní mààkì.

Ó ní kí n ya aago. Mo ya róbótó kan, mo fi nọ́ńbà sí i, ó dára. Ó ní kí n fi ọwọ́ aago sí aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo fi í sí aago mẹ́ta kọjá ogún, nítorí pé ibẹ̀ ni aago ara ògiri mi wà, ó sì ti wà níbẹ̀ láti ọdún tí ọkọ mi kú. Mo ní kó wo ògiri. Ó wo ògiri, ó fa ìlà.

Ó bi mí pé kí ni ọ̀bẹ àti abẹ́rẹ́ fi jọra. Mo ní méjèèjì ni wọn kì í jù sórí béèdì, kí ẹni tó bá fẹ́ jókòó máa kọ́kọ́ wò. Ọmọ mi rọra dìde díẹ̀ lórí béèdì, ó wo ìdí rẹ̀, ó tún jókòó. Èsì tí ìwé fẹ́ ni pé irinṣẹ́ ni àwọn méjèèjì. Mo ní ìyẹn, ta ni kò mọ̀ ọ́n?

Ibi tí orí ti kó mi yọ ni ìṣirò. Ó ní kí n mú méje kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, kí n sì máa mú méje kúrò lọ. Mo ní méje kí ni. Ó ní méje lásán. Méje lásán kò sí lọ́jà, àmọ́ mo fi ewé rò ó, mo dijú, mo fi ìka sí itan, mo bẹ̀rẹ̀: mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, mọ́kàndínlọ́gọ́rin, méjìléláàádọ́rin, márùndínláàádọ́rin. Nígbà tí mo lajú, mo rí i pé ọmọ-ọmọ mi ti sọnù sọ́nà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èsì sínú ìwé rẹ̀, kò mọ èyí tí mo ń pè. Ó wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ wo òrùlé. Aránṣọ ló bá wọn túmọ̀ rẹ̀. Mo wá ń rò ó pé ẹni tó bá fi èdè wa kọ́ òǹkà, láti kékeré ló ti ń yọ nǹkan kúrò nínú nǹkan. Kó tó pe mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún, ó ti ní láti dé àádọ́rùn-ún kó tó fi mẹ́rin padà sẹ́yìn. Wọ́n fún mi ní mààkì ibẹ̀ pé. Mo ní kí wọ́n fún aránṣọ ní ọ̀kan níbẹ̀.

Ara mi wá yá. Mo ní èmi náà ní ìbéèrè kan. Mo bi ọmọ mi ní nọ́ńbà fóònù ìyàwó rẹ̀. Ó nawọ́ sí àpò. Mo ní kó má nawọ́ sí àpò. Ó pe nọ́ńbà mẹ́rin, ó dúró, ó tún pe méjì, ó ní èyí tó kù wà lórí fóònù. Mo ní ṣebí inú orí ni wọ́n ní iyè wà, báwo ni tirẹ̀ ṣe wá wà nínú àpò ṣòkòtò? Tó bá jẹ́ pé tirẹ̀ lè wà nínú fóònù, kí ló dé tí tèmi kò lè wà lọ́wọ́ mi, kí díẹ̀ wà ní etí aṣọ mi tí mo ta ní kókó, kí èyí tó kù wà lẹ́nu aránṣọ? Ọmọ-ọmọ mi dá bírò dúró. Ó ní òótọ́ ni, pé àwọn ọ̀mọ̀wé wà tí wọ́n ń jiyàn lórí rẹ̀, bóyá ọkàn ènìyàn parí síbi tí awọ ara rẹ̀ parí sí. Mo ní ṣé wọ́n ń san owó oṣù fún wọn lórí iyàn yẹn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Aránṣọ ní kí wọ́n bá òun béèrè bóyá àyè kù.

Ọmọ mi ní fóònù tòun kò bọ́ sínú ewé rí o.

Ọmọ-ọmọ mi wá bèèrè ohun mẹ́ta tó ní kí n tọ́jú. Mo ní òṣùpá. Mo ní ọ̀gẹ̀dẹ̀. Mo wá ẹ̀kẹta. Mo wá a bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́ nínú yàrá tí iná ti kú. N kò rí i. Mi ò ní í parọ́, àyà mi já, kì í ṣe nítorí mààkì. Gbogbo ìbéèrè tó kù, mo lè bá ìwé jiyàn lórí rẹ̀. Èyí kò ní iyàn nínú. Wọ́n gbé nǹkan fún mi, kò sí lọ́wọ́ mi mọ́. Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ṣe nǹkan kan sílẹ̀, bí ẹni tó ń wá ohun tó bọ́, àmọ́ ojú ọmọ mi wà lára rẹ̀, kò lè parí rẹ̀.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Ọmọ-ọmọ mi ka mààkì mi lẹ́ẹ̀mejì, ó rọra sọ fún mi pé tí mo bá gba èyí, mo yege, tí n kò bá sì gbà á, òun kò mọ ohun tí òun lè ṣe sí i.

“Màmá Ìkòsì, ọmọ mélòó lẹ bí?”

Wọn kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ fúnra rẹ̀ kì í kà á. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo ń ka ewé, mo ń ka ìdì, n kì í ka ọmọ. Ọmọ mi ní kí n ṣáà sọ ọ́, pé sáyẹ́ǹsì ni. Mo ní ìyá tó bí sáyẹ́ǹsì kò jẹ́ ka ọmọ tirẹ̀. Ó dìde. Mo rí i tó ń fi ojú wọn béèdì mi àti ẹnu ọ̀nà, bóyá á gba ibẹ̀ kọjá, mo sì mọ̀ pé lọ́kàn rẹ̀, mo ti wà ní Ìṣẹrì.

Ni mo bá nawọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fa ìdì ewé kan. Mo ní n kò ní í ka ọmọ, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ wo ewé lè wò ó.

Mo tẹ́ èyí tó kéré jù sílẹ̀, kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, n kò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Mo tẹ́ gbòòrò kan tì í, mo ní èyí pẹ́ kó tó rìn, ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Ọmọ mi tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Mo tẹ́ ọ̀kan tì í, mo ní èyí jẹ ọṣẹ, ó tú ìfòófò fún odidi ọjọ́ kan. Mo tẹ́ méjì papọ̀, mo ní àwọn wọ̀nyí jọ dé, wọn kò sì tíì fi ẹnu kò lórí nǹkan kan láti ìgbà náà. Mo tẹ́ ìkẹyìn, mo ní èyí ló gba omú lọ́wọ́ mi. Èmi kò kà á. Mo kàn tẹ́ ẹ ni.

Ọmọ-ọmọ mi ló kà á. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní mẹ́fà ni, márùn-ún ló wà nínú ìwé òun. Ọmọ mi mí kanlẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn pé ó borí, mo rí ìyẹn lójú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ rí i báyìí, Màámi?”

Mo bi ọmọ-ọmọ mi pé, “Ta ló sọ fún ìwé pé márùn-ún ni?”

Ó ní bàbá òun ló sọ ọ́, kí òun lè ní èsì tí òun á fi wò ó.

Mo ní, “Ṣé bàbá rẹ wà níbẹ̀?”

Mo fi ìka kan ewé kékeré náà. Mo sọ fún ọmọ mi pé èyí ló dé ṣáájú rẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ló lò láyé. Àwọn àgbà ní kí n má sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ létí èyí tó bá dé tẹ̀lé e, kó má baà fẹ́ lọ wò ó. N kò sọ ọ́. Ìgbà tó yá, àwọn tó ní kí n má sọ ọ́ kú tán, ó wá ku èmi nìkan tó mọ̀ ọ́n, mo sì ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́.

Ọmọ mi jókòó. Ẹ̀rọ aránṣọ ti dákẹ́. Ó wo ewé náà pẹ́, ọkùnrin tó ti ń pín ẹran iléyá fún àwọn àbúrò rẹ̀ láti bí ogójì ọdún, tó máa ń gba itan nítorí pé òun ni àgbà.

Aránṣọ na ọrùn wo ìwé náà. Ó ní, “Ta ló wá yege báyìí?”

Ọmọ-ọmọ mi ní òun kò mọ̀. Ó ní tí a bá tẹ̀lé ìwé, mo kùnà, àmọ́ tí a bá tẹ̀lé òótọ́, mo gbà á. Ó ní wọn kò kọ́ àwọn ní ohun tí a máa ṣe tó bá jẹ́ pé èsì ló gbàgbé. Bàbá rẹ̀ gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fa ìlà sórí márùn-ún, ó kọ mẹ́fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ní kó fún mi ní mààkì mi, kó sì fa ìlà àṣìṣe náà sí orúkọ òun. Ó ní kí n máa gbé ibi tí mo wà, àmọ́ kí n wá nǹkan ṣe sí ọ̀rọ̀ fóònù yẹn. Mo ní ìyẹn tọ́.

Ọjọ́ kejì, ọjọ́ Sọ́ńdè, ilẹ̀ gbẹ. Mo jí, mo mú ìgbálẹ̀, mo ń gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo dé ìdajì kí n tó wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi. Mo pe ọmọ-ọmọ mi lórí fóònù, mo ní ìgbálẹ̀ ni. Oorun ṣì wà lóhùn rẹ̀. Ó ní ìdánwò ti parí lánàá. Mo ní mo mọ̀, kó padà sùn.

Aránṣọ ti rán àpò kékeré kan fún mi láti ara àjákù aṣọ, ó fi okùn sí i, ó ní kí n máa fi í kọ́rùn. Mo fi fóònù sí i. Mo di ìdì ewé kan, mo fi ojú kà á lọ́tẹ̀ yìí, mo fi ewé kan lé e lórí dípò èyí tí fóònù gba àyè rẹ̀, ó jẹ́ mọ́kànlélógún, mo wọkọ̀ ní Kétu, mo gbé e lọ fún obìnrin Anthony pé ó ṣeun. Ó fi mọ́ínmọ́ín gbígbóná méjì san án fún mi, inú ewé tèmi ló sè é.

Ibẹ̀ ni mo wà tí fóònù dún ní àyà mi. Ọmọ mi ni. Ó bi mí pé níbo ni mo wà. Mo ní mo wà lọ́dọ̀ ẹni tó bá a sọ̀rọ̀ lọ́jọ́sí. Ó ní òun fẹ́ béèrè nǹkan kan, òun kò lè béèrè rẹ̀ lánàá lójú ọmọ òun: ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin?

Mo ní obìnrin ni.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin.” Ó tún un sọ, bí ẹni tó ń wọ bàtà tuntun wò. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ṣọ́ra tí mo bá fẹ́ sọdá títì.

Mo dá fóònù padà sí ọrùn, mo tú ewé ara mọ́ínmọ́ín kìíní, mo jẹ ẹ́ níbẹ̀. Ata rẹ̀ pé. Èkejì ni mo gbé bọ̀ wá fún aránṣọ.